Orúnkún Ìbíwùnmí àti Bọ́ǹbù Ìkẹyìn

Orúnkún Ìbíwùnmí Ajílóre kò tíì kúrò nílẹ̀ tí fèrè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe fèrè kékeré rárá. Ó ké láti inú ihò òkè jáde síta títí àwọn ẹyẹ tó bà sórí òrùlé fi tú ká, àwọn ilẹ̀kùn irin tó wà níwájú rẹ̀ sì ń tì gbàgà-gbàgà lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo bàbá arúgbó tó ń kí lọ́wọ́. Bàbá náà ń wò ó padà. Mínísítà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ń wo àwọn méjèèjì, ẹ̀rín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Olùyẹ̀wò ti júbà fún orílẹ̀-èdè tó wá yẹ̀ wò," ni Ẹlẹ́rìí wí lókè orí wọn. "Ẹ̀ka kọkànlá Àdéhùn Ìkẹyìn. Àyẹ̀wò dúró. Ẹ pe adájọ́."

Ẹlẹ́rìí kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ rogodo kan ni, kò tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ, tó máa ń fò tẹ̀lé olùyẹ̀wò lọ síbi gbogbo àfi ilé ìyàgbẹ́. Kì í sùn, kì í jẹun, kò ní ìbátan, kò sì sẹ́ni tó lè fún un ní rìbá. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀ máa ń ní. Lọ́jọ́ yìí, ó pọ́n bí ata rodo.

"Yéè, mo gbé!" ni Ìbíwùnmí sọ, ó sì fò dìde. Ó ti pẹ́ jù.

Ṣíjúwadé, amòfin ikọ̀ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, di orí ara rẹ̀ mú lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìbíwùnmí! Irin orúnkún rẹ dà?"

"Mo yọ ọ́, bọ̀dá. Ó ń há mi látàná. Mo ní kí n sinmi díẹ̀."

"O ní kó o sinmi! Lánàá, dòdò Ìkirè tó o dì sínú báàgì ló jẹ́ kí ẹ̀rọ ẹnu ibodè dá wa dúró, tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ta ìtànṣán. Lónìí, ìkúnlẹ̀. Ṣé Ìkirè ló rán ẹ wá pa mí ni?"

Ọ̀rọ̀ irin yìí kì í ṣe àwàdà o. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yíyẹ ohun ìjà wò káàkiri ayé ni ìṣòro náà ti wà. Wọ́n á kọ́ wọn lófin, wọ́n á kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, wọ́n á yege tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ kí wọ́n ṣá ti rí irun funfun, orúnkún á ti dé ilẹ̀ kí orí tó rántí òfin. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùyẹ̀wò ló wá ní kí wọ́n máa rán irin pẹlẹbẹ sínú ṣòkòtò iṣẹ́ àwọn obìnrin wọn, níbi orúnkún. Ti àwọn ọkùnrin, ikùn ni wọ́n rán an sí. Ìdí nìyẹn tí Ṣíjúwadé fi máa ń jókòó bí ẹni tó gbé pákó mì.

Bọ́ǹbù átọ́míìkì tó wà lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn yẹn ni ìkẹyìn láyé. Gbogbo ìyókù ni wọ́n ti tú, tí wọ́n ti yọ kókó inú wọn, tí wọ́n ti yọ́ ọ pọ̀ mọ́ dígí débi tí ọgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Orílẹ̀-èdè Sẹ́lúńdì, tí òun àti Tòrófà, níbi tí wọ́n wà yìí, ti ń fojú burúkú wo ara wọn látọjọ́ pípẹ́, ti tú tirẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ku ti Tòrófà. Àmọ́ òfin tún sọ pé bí olùyẹ̀wò bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba àyẹ̀wò jẹ́, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn onílé: onílé á tọ́jú ohun ìjà rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó tó tún kàn án, ọ̀tá rẹ̀ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó kọ òfin yìí rò pé kò sí olùyẹ̀wò tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ Ìkirè.

Mínísítà Dórẹ́kì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ìmọ̀ràn rẹ̀ lọ, wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí bọ́ǹbù náà kúrò ní Tòrófà. Kò sọ ọ́ síta rí, torí ìjọba rẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé, àmọ́ ojú rẹ̀ ń sọ ọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ògbufọ̀ kékeré tó wà nínú etí Ìbíwùnmí túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò.

"A dúpẹ́ fún ọ̀wọ̀ ńlá tẹ́ ẹ bù fún Tòrófà, olùyẹ̀wò. Ọdún mẹ́wàá kì í pẹ́ẹ́ pé. A ó máa retí yín."

Wọ́n kó wọn sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dúró de adájọ́. Tíì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìbíwùnmí fi ọwọ́ lérán. Ó ti ronú nípa ọjọ́ yìí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìròyìn láyé ọjọ́un tí ọkàn wọn kì í balẹ̀, torí pé àwọn ọ̀gá ńláńlá kan lókè òkun ń halẹ̀ mọ́ ara wọn. Òun ló wá wà níbí lọ́jọ́ ìkẹyìn, òun náà ló sì fẹ́ bà á jẹ́. Omi lé sójú rẹ̀.

Ṣíjúwadé pa ilẹ̀kùn dé. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti sọ pé Ẹlẹ́rìí ò gbọdọ̀ wọ ibi tí olùyẹ̀wò bá ti ń bá amòfin rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Má sunkún. Gbọ́ mi. Yẹtí rẹ bọ́."

Ìbíwùnmí fọwọ́ kan etí méjèèjì. "Kò bọ́, bọ̀dá."

"Mo ní ó bọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o bẹ̀rẹ̀, o mú un. Orúnkún rẹ kanlẹ̀ nígbà tó ò ń wá a. Ó parí. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò tó bá ti búra lágbára ju ohun tí ẹ̀rọ rí lọ? Adájọ́ á bi ẹ́, wàá sọ bẹ́ẹ̀, a ó sì wọlé lọ tú bọ́ǹbù yẹn kí oòrùn tó wọ̀."

"Irọ́ nìyẹn, sà."

"Irọ́ ni. Irọ́ kékeré bí yẹtí. Sọ ọ́ sórí ìwọ̀n: yẹtí níhìn-ín, bọ́ǹbù lọ́hùn-ún. Ìwọ náà wò ó. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, ọmọ mi. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké."

Ìbíwùnmí wo ojú amòfin rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe òpùrọ́. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó kórìíra irọ́ tó o lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kéèyàn purọ́, ó ní láti jẹ́ pé ilé ti fẹ́ jó. Ó tú yẹtí ọ̀tún, ó fi sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ dánra wò: "Yẹtí mi bọ́, Olúwa mi. Yẹtí mi bọ́."

Ibi tó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó yẹn ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mírókò, tó jẹ́ olùṣọ́ ihò òkè náà láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Aṣọ olùṣọ́ rẹ̀ ti ṣá, fìlà rẹ̀ ní àmì ẹyẹ idì Tòrófà níwájú. Ó bọ́ fìlà náà kó tó wọlé.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Nǹkan kan ń rú mi lójú. Ṣé orúnkún ń dùn yín ni? Ní òwúrọ̀ yẹn. Mo rí i pé ẹ wólẹ̀, mo fẹ́ gbé yín dìde, fèrè wá ké."

"Kò dùn mí, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo ń kí."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ní ilé wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí àgbà ní òwúrọ̀."

Bàbá náà ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo bojú wẹ̀yìn, ẹ ò rí mi ni? Mo rò pé ẹnì kan ń bẹ lẹ́yìn mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà níbí, fìlà yìí ni wọ́n máa ń kí. Àwọn ọ̀gágun á dé, wọ́n á na ọwọ́ sí fìlà, wọ́n á kọjá. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń kí èmi, ó sì ti kú." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó jáde.

Ṣíjúwadé tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Kò yí nǹkan kan padà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Adájọ́ kò wá fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló gbé àwòrán rẹ̀ dé àárín gbọ̀ngàn, odindi èèyàn tó jókòó sórí àga, tí kò ní òjìji. Néímàtì ni orúkọ rẹ̀, ìyá arúgbó láti àwọn erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, tó fi òdòdó funfun sẹ́yìn etí. Bí Ìbíwùnmí ṣe rí i ni orúnkún rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó yára gbá etí tábìlì mú. Ẹlẹ́rìí, tí pípọ́n rẹ̀ ti lọ látìgbà tí wọ́n ti pe adájọ́, tún pọ́n fìrí, ó sì padà sí àwọ̀ ewé.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín," ni adájọ́ wí. "Wọ́n ní olùyẹ̀wò kan kúnlẹ̀ fún Tòrófà. Olùyẹ̀wò, ẹ ti búra kí ẹ tó gba iṣẹ́, ìbúra náà sì ń bẹ lórí yín títí di ìsinsìnyí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa gbà. Kí lẹ ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀?"

Yẹtí wà nínú àtẹ́lẹwọ́ Ìbíwùnmí, ó ti gbóná. Ṣíjúwadé ń wo àjà. Mínísítà Dórẹ́kì ti na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Ní ìdí ògiri, bàbá Mírókò dúró pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ìbíwùnmí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìbíwùnmí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ yẹtí ti dé orí ahọ́n. Ó wò ó pé bí òun bá sọ ọ́, ayé á dára lónìí, bàbá yìí á sì padà sílé pẹ̀lú èrò pé kò sẹ́ni tó kí òun. Ó tún wò ó pé tí ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò bá di irọ́ tí wọ́n fi ń gba ara wọn là, ta ló máa gbà á gbọ́ nígbà tó bá sọ pé ihò ti ṣófo?

"Mo ń kí i ni, Màmá," ó wí. "Mo kí Bàbá Mírókò."

Ṣíjúwadé di ojú. Dórẹ́kì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ gbà pé ẹ júbà?" ni adájọ́ bi í.

"Mo gbà pé mo kí àgbàlagbà. N kò júbà fún Tòrófà."

Mínísítà dìde. "Olúwa mi, ẹ wo fìlà rẹ̀. Ẹ wo idì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, nínú aṣọ ìjọba, ní ẹnu ọ̀nà ìjọba. Ta ló fẹ́ ya fìlà sọ́tọ̀ kúrò lára orí? Ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún aṣọ yẹn, Tòrófà ló kúnlẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ mi orí díẹ̀díẹ̀. Ìbíwùnmí wo mínísítà láti orí dé bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti hù, ohun kan sì là sí i lọ́kàn. Inú rẹ̀ dùn lójijì débi tó fi gbàgbé ẹkún.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bi mínísítà ní ìbéèrè mélòó kan."

"Ẹ bi wọ́n."

"Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, níbo lẹ wà, mínísítà?"

"Ẹ̀gbẹ́ olùṣọ́ yẹn ni mo dúró sí. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere."

"Nínú ẹ̀yin àti olùṣọ́ yẹn, ta ló ga ju èkejì lọ nínú ìjọba?"

Dórẹ́kì fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ìbéèrè yìí. "Èmi ni! Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mínísítà ni mí. Ààrẹ ló rán mi. Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ni òun. Lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ni Tòrófà!"

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Tòrófà, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mínísítà tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń dọ́gba pẹ̀lú Ẹlẹ́rìí láàárọ̀.

"A ò gbọ́ yín," ni adájọ́ wí.

"Ó juwọ́ sí mi."

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó juwọ́ sí mi!" ni mínísítà fi ìbínú sọ. "Ó ní, 'Báwo ni, mínísítà?' Ó sì rìn kọjá!"

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ ogun Tòrófà tó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ rín. Wọ́n gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ṣíjúwadé rẹ́rìn-ín títí irin ikùn rẹ̀ fi ń ró.

"Ẹ jọ̀ọ́, mínísítà, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Àbíkẹ́yìn ìyá mi jù yín lọ, sà. Tí mo bá kúnlẹ̀ fún yín, wọ́n á ní orí mi dàrú." Ìbíwùnmí kọjú sí adájọ́. "Màmá, ẹni tó bá fẹ́ júbà fún ọba kì í gba iwájú ọba kọjá lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́nà. Irun funfun ni mo kúnlẹ̀ fún. Tó bá jẹ́ pé ọmọ Sẹ́lúńdì ló ni irun náà, màá kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, màá kúnlẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà tẹ́ ẹ yọ níbẹ̀ yẹn, tábìlì ló gbà mí."

Adájọ́ Néímàtì bo ẹnu, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní kí Ẹlẹ́rìí gbé ohun tó rí láàárọ̀ jáde. Gbogbo wọn wò ó nínú ìmọ́lẹ̀: Ìbíwùnmí ń bọ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè sí mínísítà bí ẹni tó ń kí ọmọ àdúgbò, kò dúró, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó kanlẹ̀ gbì. Bàbá wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fèrè ké.

Ìyá arúgbó náà fọwọ́ kan òdòdó ẹ̀yìn etí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Nígbà láéláé, erékùṣù wa ni àwọn alágbára wá láti dán irú bọ́ǹbù yìí wò. Ìyá ìyá mi sọ fún mi pé àwọn tó wá yẹn ní ọkọ̀ ńláńlá, wọ́n ní aṣọ tó dára, wọn ò sì kí ẹnikẹ́ni lára àwọn àgbà wa bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ti rí àgbà kan bí èèyàn, yóò ṣòro fún un láti sun ilé rẹ̀." Ó nu ojú. "A ṣe ẹ̀ka kọkànlá kí olùyẹ̀wò má bàa di ẹrú ìjọba. A ò ṣe é kó má bàa di ọmọlúàbí. Àyẹ̀wò ń lọ. Mínísítà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Olùyẹ̀wò, ẹ lọ wọ irin yín, kí ẹ má tún fi ẹ̀rù pa amòfin yín."

Ìmọ́lẹ̀ kú, àga rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ṣíjúwadé di ọwọ́ Ìbíwùnmí mú, ó fẹ́ sọ nǹkan pàtàkì, ó wá ní, "Fi yẹtí rẹ sétí."

Bọ́ǹbù náà kò tó bí Ìbíwùnmí ṣe rò ó. Ó dà bí àmù omi tí wọ́n kùn láwọ̀ eérú, ó dá jókòó sórí àtẹ irin nínú yàrá tútù kan. Gbogbo ayé ti bẹ̀rù èyí! Inú bí i díẹ̀. Ó wo nọ́ńbà tó wà lára bọ́ǹbù náà, Ẹlẹ́rìí náà wò ó, ó bá ara mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Agbémì na ọwọ́ jáde, ó tú ìkarahun rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù, ó yọ kókó, ó gbé e mì. Ó kùn, ó gbóná, dígí rẹ̀ yọ́. Mínísítà jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. Nígbà tí dígí dúdú náà jáde, tó tutù, tó le, Ẹlẹ́rìí wí pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi sọ ohun gbogbo pé, "Kò sí mọ́ láyé."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe. Ìbíwùnmí ṣáà rí i pé òun ti dì mọ́ Ṣíjúwadé, irin rẹ̀ ń gún òun níkùn, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ orin kan lédè wọn, àwọn yòókù gbè é. Nígbà tó yá, mínísítà náà dìde, ó na ọwọ́ sí Ìbíwùnmí. "Ẹ kú iṣẹ́," ó wí, ó sì dà bíi pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Ìbíwùnmí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa.

Wọ́n kó dígí náà sínú ọkọ̀, gbogbo wọn sì jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Ìbíwùnmí tó rí i pé bàbá Mírókò kò sí láàárín wọn. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn irin dé, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì ń fà á wò bóyá ó tì dáadáa.

Ìbíwùnmí padà lọ bá a.

"Bàbá, kí lẹ ń tì?"

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mi ikùn rẹ̀, tó jẹ́ kó fi ọwọ́ ti ògiri kó má bàa ṣubú. Ó tún kọ́kọ́rọ́ yí padà, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu. Oòrùn wọ ibi tí kò wọ̀ rí.

"Àmọ́ ewúrẹ́ pọ̀ lórí òkè yìí o," ó ní, ó ń nu omi ojú. "Tí wọ́n bá wọ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Kí wọ́n wọlé, Bàbá."

Bàbá Mírókò rò ó wò. Ó wá òkúta kan tó wúwo nílẹ̀, ó gbé e, ó fi há ìdí ilẹ̀kùn kó má bàa padé mọ́.